Ẹ̀dà jíìnì kan dára, èkejì bàjẹ́: kí ló dé tí ìdajì kò tó fún ọkàn?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dákú lójijì láàárọ̀ ọjọ́ kan bí aago tó fi ń jí ṣe dún létí rẹ̀. Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n ní QT rẹ̀, ìyẹn àkókò tí iná ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ tó sì ń padà sípò nínú ìlù kọ̀ọ̀kan, gùn jù, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò jíìnì. Èsì tó jáde ni pé ó ní long QT oríṣi kejì, pé jíìnì tí wọ́n ń pè ní KCNH2 ló ní àbùkù, ẹ̀dà kan ló bàjẹ́, èkejì pé pérépéré. Dókítà ọkàn ti kọ oògùn fún un, ó sì ń lò ó. Ohun tí kò yé mi nìyí: bí ẹ̀dà kan bá dára, ṣé kò yẹ kí ìdajì iṣẹ́ ṣì máa lọ ni? Kí ló dé tí ìdajì yẹn kò tó? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà pọtasíọ̀mù ni. Ṣé ká wá oògùn pọtasíọ̀mù fún un nígbà náà? Ṣé oògùn kan wà tó lè tún ojú ọ̀nà náà ṣe? Àbúrò rẹ̀ obìnrin ńkọ́?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lé lórí jù, nítorí òun ló gbé àwọn yòókù dání. Iṣẹ́ tèmi ni ìwádìí lórí bí purotéènì ṣe ń kóra jọ di ojú ọ̀nà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì. Dókítà tó ń tọ́jú ọmọ yín ló ni ìpinnu lórí oògùn; ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìpinnu yẹn ni èmi lè là yé yín.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé ojú ọ̀nà pọtasíọ̀mù kan kì í ṣe purotéènì ẹyọ kan. Okùn purotéènì mẹ́rin ló ń para pọ̀ kó tó di ọ̀kan. Okùn tó ti ara ẹ̀dà dáadáa jáde àti èyí tó ti ara ẹ̀dà àbùkù jáde máa ń dàpọ̀ mọ́ra, okùn àbùkù kan ṣoṣo sì lè ba mẹ́ta tó dára jẹ́. Nígbà tí a bá ṣírò rẹ̀ dópin, ohun tó ṣẹ́ kù fún ọkàn lè kéré sí ìdajì lọ́nà tó yani lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì kò nípọn ju nǹkan bíi nànómítà 5 lọ; bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni nànómítà. Ọ̀rá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìpele méjì: ìrù wọn tó kórìíra omi kọjú síra láàárín, orí wọn tó fẹ́ràn omi kọjú síta àti sínú sẹ́ẹ̀lì. Pọtasíọ̀mù inú ara wa jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó gbé iná dání, omi sì máa ń rọ̀ mọ́ ọn yí ká. Kó tó lè la ọ̀rá kọjá, ó ní láti já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ omi yẹn, agbára tí èyí sì ń gbà pọ̀ ju ohun tó ní lọ. Bí purotéènì kò bá la ọ̀nà fún un, kò ní kúrò níbi tó wà.

Ọkàn sì nílò kó kúrò. Nígbàkígbà tí ọkàn bá lù, sódíọ̀mù á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kálísíọ̀mù á tẹ̀ lé e, ẹran ọkàn á fún pọ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì tó lè ṣe tán fún ìlù tó kàn, pọtasíọ̀mù gbọ́dọ̀ jáde kí iná inú rẹ̀ lè padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀nà tó ń jẹ́ hERG, tí ìlànà rẹ̀ wà nínú KCNH2, wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí hERG kò bá tó, ìpadàsípò á pẹ́, àlàfo láti Q dé T á sì gùn lórí bébà ECG, ìyẹn bébà tí ẹ̀rọ ń ya iná ọkàn sí. Bí iná mìíràn bá wá já lu sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì padà bọ̀ sípò tán, ìlù ọkàn lè dàrú sí oríṣi kan tí dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, François Dessertenne, ṣàpèjúwe lọ́dún 1966, tó pè ní torsades de pointes. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ bó ṣe yẹ, ènìyàn á dákú. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Àwọn ìgbà tí kì í dáwọ́ dúró ló fà á tí àwọn dókítà kò fi ń fojú kékeré wo ìdákú kan péré.

Wàyí o, báwo ni hERG ṣe ń di ojú ọ̀nà? KCNH2 ní ìlànà okùn kan tó jẹ́ amínò ásíìdì 1,159, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó ń di purotéènì, tí a tò tẹ̀ léra. Ráíbósóòmù ló ń ka ìlànà náà tó sì ń so amínò ásíìdì kan mọ́ òmíràn. Kò tíì so ó tán tí okùn náà ti ń wọnú awọ kan láàárín sẹ́ẹ̀lì, èyí tí a ń pè ní ER, gba ẹnu ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Sec61. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni okùn yìí ń la awọ náà kọjá. Níbi ìlàkọjá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 20 amínò ásíìdì, irú èyí tó bá ọ̀rá rẹ́, á lọ́ yípo yípo títí yóò fi yọ sí òdì kejì. Láàárín ìlàkọjá karùn-ún àti ìkẹfà, apá kúkúrú kan wà tó tẹ̀ wọnú awọ dé ìdajì, tó sì tẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ẹ fi apá kúkúrú yẹn sọ́kàn, òun ló máa di asẹ́.

Nígbà tí okùn kan bá ṣe gbogbo èyí tán, kò tíì di ọ̀nà. Ìdá kan nínú mẹ́rin ògiri ló ní. Ẹ fojú inú wo ènìyàn mẹ́rin tó dúró yípo, tí wọ́n kọjú síra, tí èjìká kan èjìká: àyè tó wà láàárín wọn kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn, bí ẹnì kan bá sì yẹ̀ kúrò, àyè náà ti bàjẹ́. Bí okùn mẹ́rin ṣe ń dúró nínú awọ nìyẹn. Ìlàkọjá karùn-ún àti ìkẹfà ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló yí àárín ká, apá kúkúrú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pàdé ní ọ̀kánkán ara wọn, tí ọ́síjìn ara wọn tò yípo ní mẹ́rin-mẹ́rin.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Pọtasíọ̀mù tó bá dé asẹ́ náà á bọ́ omi rẹ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí ọ́síjìn asẹ́ súnmọ́ ọn bí ọ́síjìn omi ṣe súnmọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Kò sí àdánù fún un. Sódíọ̀mù kéré jù ú lọ. Kò lè fara kan ọ́síjìn tó yí i ká dáadáa, kò rí ohun tí yóò fi dípò omi rẹ̀, ó sì ń dúró síta. Nínú àwọn ojú ọ̀nà pọtasíọ̀mù tó ń yan jù lọ, pọtasíọ̀mù tó ń kọjá lé ní ẹgbẹ̀rún kí sódíọ̀mù kan tó yọ́ kọjá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù áyọ́ọ̀nù lè gba ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọ̀n yẹn, tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ rárá, okùn mẹ́rin ló jọ ń dì í mú. Bí ọ̀kan bá tẹ̀ sódì díẹ̀, asẹ́ náà kì í ṣe asẹ́ mọ́.

Ohun kan wà nínú ìtàn ìmọ̀ yìí tó máa ń wú mi lórí gan-an. Lọ́dún 1952, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìṣirò tó ṣàlàyé bí iná ṣe ń gba inú iṣan ìmọ̀lára ńlá kan lára squid, ẹranko inú òkun, kọjá. Kí ìṣirò náà tó lè bá ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n mu, wọ́n ní láti kọ iye kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin fún pọtasíọ̀mù kí wọ́n sì fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, bí ẹni pé ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró tó tọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀nà tó ṣí. Kò sí ẹni tó tíì fojú rí ojú ọ̀nà kankan nígbà náà. Ó di ọdún 1991 kí Roderick MacKinnon, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà kó tó yà sí ìwádìí, tó fi oró àkeekèé ka iye okùn inú ojú ọ̀nà pọtasíọ̀mù: ó po okùn tí oró náà ń mú mọ́ èyí tí kì í mú, ó wo bí iná ṣe ń dínkù, iye tó bá a mu sì ni mẹ́rin. Lọ́dún 1998, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán ojú ọ̀nà pọtasíọ̀mù kan láti ara bakitéríà jáde. Okùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́místrì lọ́dún 2003. Àwòrán hERG gan-an jáde lọ́dún 2017, láti ọwọ́ Weiwei Wang àti MacKinnon.

Báwo ni okùn mẹ́rin ṣe ń rí ara wọn nínú sẹ́ẹ̀lì tí ẹgbàágbèje purotéènì mìíràn kún? Lápá kan, ibi kan náà ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Lápá kejì, okùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tó fi ń dá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀: nínú ìdílé ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Shaker, ìpìlẹ̀ okùn ni ibẹ̀ wà, nínú hERG, apá kan ní ìrù okùn ń kópa nínú dídi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Wọn kì í sì í dúró dìgbà tí okùn bá parí. Oríṣi okùn méjì ni KCNH2 ń ṣe nínú ọkàn, 1a tó gùn àti 1b tó kúrú níbi ìpìlẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń dàpọ̀ nínú ojú ọ̀nà kan. Ìwádìí láti ọ̀dọ̀ Gail Robertson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin, tó jáde lọ́dún 2016, fi hàn pé àwọn ìwé ìlànà RNA tó gbé 1a àti 1b dání ń wà pọ̀, tí okùn méjèèjì sì ń di ara wọn mú nígbà tí ráíbósóòmù ṣì ń ṣe wọ́n lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé ó dáhùn ohun tí ẹ lè máa rò nínú, pé ṣé sẹ́ẹ̀lì kò lè ya dáadáa sọ́tọ̀ kúrò lára àbùkù kí wọ́n tó dàpọ̀ ni. Ìdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí àyẹ̀wò tó parí.

Àyẹ̀wò wà o, ó sì le. Nínú ER, àwọn purotéènì olùrànlọ́wọ́ á di okùn mú kó má bàa lọ́ mọ́ra lódì, wọ́n á so ṣúgà mọ́ ọn, èyí tó bá sì dúró dáadáa nìkan ló ń tẹ̀síwájú sí Golgi, apá mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń fi kún ṣúgà ara rẹ̀, kó tó dé awọ ìta. Nínú yàrá ìwádìí a máa ń rí ìrìn àjò yìí gbangba: hERG tó ṣì wà ní ER wọn nǹkan bíi kílódáltọ̀n 135 (òṣùwọ̀n ìwúwo purotéènì ni kílódáltọ̀n), èyí tó ti kọjá Golgi wọn nǹkan bíi 155, ìlà méjì ló sì ń yọ. Nínú ọ̀pọ̀ àbùkù tó ń fa long QT oríṣi kejì, ìlà tó fúyẹ́, ti ER, nìkan ló ń yọ. Okùn náà wà, wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró sẹ́nu ibodè, wọ́n sì máa tú u palẹ̀ níkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àbùkù jíìnì túmọ̀ sí ojú ọ̀nà tó wà níbi iṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́. Fún hERG, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ojú ọ̀nà tí kò débi iṣẹ́ rárá.

Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé àkójọ kan ti pé hàn kedere jù lọ́dọ̀ ìbátan hERG kan tó wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú ínsúlínì jáde. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú tìyẹn, mẹ́rin tó ń jẹ́ Kir6.2 àti mẹ́rin tó ń jẹ́ SUR1. Amínò ásíìdì mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra lára okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì pé kó má lọ, ìgbà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá sì para pọ̀ dáadáa nìkan ni wọ́n ń bo àmì ara wọn. Ọdún 1999 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Èyí tí kò bá pé kò ní ìwé ìrìnnà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ọmọ yín. Ẹ gbà pé okùn dáadáa àti okùn àbùkù pọ̀ dọ́gba, tí wọ́n sì ń mú ara wọn láìṣe ojúsàájú. Àǹfààní pé okùn àkọ́kọ́ nínú àkójọ kan dára jẹ́ ìdajì. Pé okùn kejì náà tún dára, ìdajì ìdajì, ìyẹn ọ̀kan nínú 4. Pé ẹ̀kẹta dára pẹ̀lú wọn, ọ̀kan nínú 8. Pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dára, ọ̀kan nínú 16. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kó ojú ọ̀nà 16 jọ, ọ̀kan ni kò ní ní àbùkù rárá. Mẹ́rin á ní okùn àbùkù kan, mẹ́fà á ní méjì, mẹ́rin á ní mẹ́ta, ọ̀kan á jẹ́ àbùkù látòkè délẹ̀. Bó bá jẹ́ irú àbùkù tí okùn kan ti tó láti dá gbogbo àkójọ dúró, 15 ti lọ nínú 16. Ohun tó ṣẹ́ kù kò pé 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni ìdajì tí ẹ ń wá gbà lọ, mà.

Èyí ló sì bí ohun kan tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Ẹ̀dà tó bàjẹ́ pátápátá, débi pé kò lè ṣe okùn kankan jáde, sábà máa ń ṣe ìpalára tó kéré sí ẹ̀dà tó ń ṣe okùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Okùn tí kò sí kò lè ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwọn okùn dáadáa á mú ara wọn, ìdajì ojú ọ̀nà á sì dé awọ ìta ní pípé. Okùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ẹgbẹ́, ó sì ń kó àwọn mẹ́ta tó bá wọ̀ ọ́ lọ. Lọ́dún 1995, àwọn olùwádìí tó wà pẹ̀lú Mark Keating ní Yunifásítì Utah fi hàn pé jíìnì hERG ló wà nídìí long QT oríṣi kejì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi àwọn ìlànà okùn dáadáa àti ti àbùkù sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì rí ọ̀nà méjèèjì: àwọn àbùkù kan kò ṣe ju pé wọn kò dá sí i lọ, àwọn mìíràn pa iná okùn dáadáa kú.

Ọ̀kan nínú 16 ni òpin ibi tó burú jù. Ìdajì ni òpin ibi tó sàn jù. Àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Àbùkù kan lè má wọ ẹgbẹ́ dáadáa, àkójọ tó ní okùn àbùkù kan lè ṣì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀, àwọn ojú ọ̀nà mìíràn nínú ọkàn sì lè gbé lára ẹrù náà. Nítorí èyí, nínú ìdílé kan náà tí àbùkù kan náà wà, ẹnì kan lè máa dákú, kí ẹnì kejì dàgbà darúgbó láìmọ̀ pé òun gbé e. Ojú ọ̀nà sódíọ̀mù ọkàn ní tirẹ̀ jẹ́ okùn gígùn kan ṣoṣo tó ní apá mẹ́rin lára, kò nílò okùn mẹ́ta mìíràn kó tó di ọ̀nà. Òun ni àbùkù rẹ̀ ń fa long QT oríṣi kẹta, ọ̀nà tó ń gbà bàjẹ́ sì yàtọ̀.

Ohun tí mo ṣàlàyé yìí ló yẹ kó darí ìṣọ́ra nínú ilé, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oògùn. Nínú ihò tó wà lábẹ́ asẹ́ hERG, okùn kọ̀ọ̀kan na amínò ásíìdì ńlá méjì sáàárín; nọ́ńbà wọn lórí okùn ni 652 àti 656. Ní ìlọ́po mẹ́rin, ó di mẹ́jọ tó yí ihò kan ká, oògùn tí ìrísí wọn kò jọra rárá sì ń lẹ̀ mọ́ wọn tí wọ́n á fi dí ọ̀nà náà. Terfenadine tí wọ́n ń lò fún ara yíyún àti imú tó ń dà, àti cisapride tí wọ́n ń lò fún inú, kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà nítorí èyí. Ọkàn tó ní hERG pé lè fara da kí díẹ̀ nínú rẹ̀ dí. Ọkàn ọmọ yín kò ní èyí tó pọ̀ lé. Erythromycin, clarithromycin, haloperidol, domperidone, halofantrine: gbogbo wọn wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ mú kí ẹ dúró béèrè. Àkójọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí àjọ CredibleMeds ń tọ́jú wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní abala kan fún àwọn tí wọ́n bí long QT mọ́. Ẹ kọ orúkọ àìsàn náà sínú bébà kan tí ọmọ náà á máa mú lọ́wọ́, kó sì fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún un ní oògùn, títí kan oníṣègùn eyín.

Ní ti oògùn pọtasíọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á fúnra yín. Òótọ́ ni pé bí pọtasíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, hERG ń gbé iná tó kéré, ó sì tún ń mú kí sẹ́ẹ̀lì kó hERG kúrò lórí awọ ìta lọ tú palẹ̀. Ọmọ tó ní ojú ọ̀nà díẹ̀ ń pàdánù lára díẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti oògùn tó ń múni tọ̀ fi jẹ́ ewu fún un, tó sì yẹ kí ẹ tètè kàn sí dókítà bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n pọtasíọ̀mù tó pọ̀ jù lè dá ọkàn dúró. Ìwọ̀n tó tọ́ wà láàárín 3.5 sí 5.0 mílímólù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì ń sọ ibi tí ó wà. Dókítà lè pinnu láti fún un. Ẹ jẹ́ kí ìpinnu náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Aago yẹn ńkọ́? Ariwo òjijì nígbà tí ara ń sinmi jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ oríṣi kejì yìí gan-an, gẹ́gẹ́ bí lílúwẹ̀ẹ́ àti eré sísá ṣe jẹ mọ́ oríṣi kìíní. Ìbẹ̀rù ń tú adrenaline jáde, ọkàn á fẹ́ yára, hERG tó kù kò sì lè bá a sáré. Ẹ gbé aago àti fóònù kúrò nínú yàrá rẹ̀, kí ẹnì kan máa fi ohùn jẹ́jẹ́ jí i. Oògùn beta-blocker, irú bíi nadolol tàbí propranolol, ló ń dín agbára adrenaline yẹn kù lórí ọkàn. Kò tún okùn kankan ṣe, àmọ́ ó ń dáàbò boni, kò sì gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan.

Oògùn tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe ni ọ̀pọ̀ wa nínú iṣẹ́ yìí ń lépa. A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, nítorí pé àwọn okùn àbùkù kan tí wọ́n dá dúró ní ER máa ń kọjá bí a bá mú ibi tí sẹ́ẹ̀lì wà tutù dé nǹkan bíi 27°C. Lọ́dún 1999 pàápàá, wọ́n rí i pé oògùn tó ń dí hERG lè ran okùn àbùkù kan lọ́wọ́ láti dúró dáadáa kó sì dé awọ ìta. Ó wọnú ihò rẹ̀, ó sì dì í mú. Dídí tó ń dí i ni kò jẹ́ kó wúlò fún aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé lumacaftor yẹ̀ wò, oògùn tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà mìíràn, CFTR, tí àbùkù rẹ̀ ń fa àìsàn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní cystic fibrosis. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn tí wọ́n gbìn láti ara àwọn tó ní long QT oríṣi kejì, ó ran àwọn àbùkù kan lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn méjì, pẹ̀lú oògùn mìíràn tó ń jẹ́ ivacaftor, QT wọn kúrú sí i, wọ́n sì tẹ èyí jáde lọ́dún 2019. Ènìyàn méjì kò tó láti sọ ọ́ di ìtọ́jú, kì í sì í ṣe gbogbo àbùkù ló ń gbọ́ tirẹ̀. Mo ní ìrètí nínú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín pé ó ti dé.

Àbúrò rẹ̀ nílò àyẹ̀wò, ẹ̀yin àti bàbá wọn náà. Bí ọ̀kan nínú yín bá gbé ẹ̀dà náà, àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà á jẹ́ ìdajì. ECG tó dára nìkan kò tó láti fi tú u sílẹ̀, torí àwọn kan wà tó gbé àbùkù náà tí QT wọn kò gùn lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò jíìnì fún àbùkù kan náà gan-an ni kí ẹ béèrè. Ó rọrùn ju ti ọmọ yín àkọ́kọ́ lọ, nítorí wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n máa wò.

Fún ìyẹn, ẹ gba ẹ̀dà ìwé èsì náà sọ́wọ́. Ẹ máa rí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan, bí àpẹẹrẹ p.Ala561Val: ó ń sọ pé níbi amínò ásíìdì 561 nínú 1,159, valine ti gba ipò alanine. Nọ́ńbà tó bá bọ́ sáàárín nǹkan bíi 550 sí 650 wà ní agbègbè ihò àti asẹ́, níbi tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fara kan ara wọn, ewu ibẹ̀ sì sábà máa ń ga. Bí ẹ bá rí Ter tàbí fs, okùn náà gé kúrú tàbí ìkàwé rẹ̀ ṣáko, ó sì lè jẹ́ ti ìdajì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú un tọ dókítà ọkàn lọ, kí ẹ bi í bóyá àbùkù yìí ń dá okùn dáadáa dúró tàbí kì í dá a dúró, àti bí QT ọmọ náà ṣe rí lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ohun yòówù kí nọ́ńbà náà jẹ́, ẹ má fi í dá oògùn rẹ̀ dúró.